Bí Ọdẹ́yalé Ṣe Pín Ọmọ Bí Ẹni Pín Ẹtu

Ẹ sún mọ́ mi dáadáa, nítorí n kò ní pariwo. Ẹni tó bá ní ẹ̀pà lọ́wọ́ kó pín in kárí kí n tó bẹ̀rẹ̀, kí èmi náà sì rí tèmi. Ẹ rí ìbọn tó wà lórí itan mi yìí? Lọ́wọ́ mi nìkan, ó ti sọ ẹfọ̀n mẹ́ta di ẹran ọbẹ̀. Ẹkùn kan wà ní ìsàlẹ̀ odò lọ́hùn-ún, bó bá ti gbọ́ ikọ́ mi báyìí, ó ti yà sápá òsì nìyẹn. N kò purọ́. Bí mo bá tiẹ̀ purọ́, ta ni nínú yín ló máa lọ bi ẹkùn?

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mi kọ́ ni mo fẹ́ sọ lónìí. Ọ̀rọ̀ Ọdẹ́yalé ni, olórí ọdẹ Òkè-Ayùnrẹ́, ẹni tó ni ìbọn yìí kó tó di tèmi. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ìrìn-àjò náà fún mi, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Nígbà àkọ́kọ́ tó sọ ọ́, iwin tó pàdé lọ́nà ga tó igi ọsàn. Nígbà tó fi máa sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹwàá, orí iwin náà ti kan òṣùpá. Èmi ti bá a fi sí àárín: ẹ jẹ́ ká ní ó ga tó igi àràbà, ká má baà pẹ́ jù níbí.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ ń ra ẹran nínú ọ̀rá, ẹ ò lè mọ̀ pé pípín ẹran le ju pípa rẹ̀ lọ. Ní Òkè-Ayùnrẹ́, òfin ọdẹ kò lọ́jú pọ̀. Ẹni tí ọta rẹ̀ bá kọ́kọ́ ba ẹran ló ni ín, ì báà jẹ́ oko ẹlòmíràn ni ẹran náà ti lọ ṣubú. Olóko yóò gba itan kan. Ẹni tó bá gbé e wálé yóò gba ọrùn. Ọdẹ́yalé mọ òfin yìí dé ìdí. Ó lè pín ẹtu kan ṣoṣo fún ogún ènìyàn kí gbogbo wọn máa dúpẹ́, kí òun náà sì gbé ẹ̀dọ̀ lọ sílé láìsí ẹni tó rí i.

Ìgbà náà ni igi wó lu àgbẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Bámgbóyè lóko, ó sì kú. Ó fi ìyàwó rẹ̀ Ẹfúnyẹmí sílẹ̀, àti ọmọbìnrin kan ṣoṣo, Àrìnpé, ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ọ̀fọ̀ kò tíì tán nílẹ̀ tí Olójèdé, ẹ̀gbọ́n olóògbé, fi dé láti wá pín ogún. Ó mú ọkọ́, ó mú àdá, ó mú ewúrẹ́ méjì, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì di ọmọ náà lọ́wọ́ mú. Ẹfúnyẹmí ní kò lè ṣeé ṣe, pé òun ń mú ọmọ òun lọ sí agboolé bàbá òun. Wọ́n fa ọmọ náà síwá sẹ́yìn títí wọ́n fi dé iwájú Baálẹ̀.

Eyín ń dun Baálẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó fọwọ́ di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú, ó gbọ́ ẹjọ́ náà dé ìdajì, ó ní, “Ẹ kó ara yín lọ bá Ọdẹ́yalé. Òun ló mọ nǹkan pín.”

Inú Ọdẹ́yalé dùn ju bó ṣe yẹ lọ. Ó wọ gbérí ọdẹ rẹ̀ tí awọ àti ìwo bò, ó jókòó sórí àpótí, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta.

“Ọ̀rọ̀ yìí kò le,” ó ní. “Bámgbóyè ló kọ́kọ́ ta á, àwọn ará ilé Bámgbóyè ló ni ín. Ìyá tó fi oṣù mẹ́sàn-án lóyún rẹ̀, ó gbé ẹran wálé ni. Ọrùn ni tirẹ̀.”

Wọ́n bi í pé báwo ni wọ́n ṣe ń fún ìyá ní ọrùn ọmọ tó wà láàyè. Ó fọwọ́ ra irùngbọ̀n. Ó ní láti ọrùn sókè ni òun ní lọ́kàn: ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, nígbà ọdún iṣu tuntun, kí Ẹfúnyẹmí wá di irun ọmọ náà, kó sì máa lọ. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Àgbàlagbà kan ní òun kò gbọ́ irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí òun, òótọ́ ló sì sọ. Ọmọ tí wọ́n ń pín dúró láàárín wọn, ó káwọ́ sẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó yà sí i, àfi ajá kan tó gbóòórùn ẹsẹ̀ rẹ̀, tó sì bá tirẹ̀ lọ.

Láti ọjọ́ náà ni Olójèdé ti ń fi iyán ránṣẹ́ sí Ọdẹ́yalé ní gbogbo ọjọ́ ọjà láti fi dúpẹ́. Àrìnpé ló ń gbé e wá. Iyán náà kúnná, kò ní kókó kan. Ọdẹ́yalé ń jẹ ẹ́, ó ń lá ìka, kò bi ẹni tó gún un.

Oṣù mẹ́ta kọjá. Ọdẹ́yalé ń bọ́jú lówùúrọ̀ ọjọ́ kan nígbà tí Ẹfúnyẹmí wọlé dé. Kò kí i. Ó yọ àpò ọdẹ rẹ̀ lára ògiri, ó jù ú sí i lẹ́sẹ̀.

“Baba Ọlọ́dẹ, ẹran yín ti já.”

“Ẹran wo?”

“Èyí tí ẹ pín fún Olójèdé. Ó ti sá wọ Igbó Amúnidákẹ́ láti ọ̀sán àná. Olójèdé ní òun ò lè wọ igbó iwin, pé bó bá rẹ̀ ẹ́ yóò wá sílé. Èmi fẹ́ wọ̀ ọ́, ọkùnrin mẹ́rin ló dì mí mú. Ẹ̀yin lẹ pín in, ẹ dìde, ẹ lọ dọdẹ rẹ̀. Bí ẹ ò bá mú un bọ̀, ẹnu ọ̀nà yín yìí ni n ó jókòó sí títí n ó fi kú. Ẹ ó sì wá pín èmi náà.”

Ó sì jókòó lóòótọ́. Ọdẹ́yalé wo ìyàwó rẹ̀ bóyá yóò gba òun sílẹ̀. Ìyàwó náà kò tíì bá a sọ̀rọ̀ gidi láti ọjọ́ ìdájọ́. Ó ní, “Ẹ má gbàgbé fìlà yín.”

Ẹ̀rù ba Ọdẹ́yalé lọ́jọ́ náà. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló jẹ́wọ́ rẹ̀ fún mi. Kì í ṣe iwin ló bà á lẹ́rù, obìnrin tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ni.

Bó ṣe rìn, ẹ má bi mí. Ó wọ Igbó Amúnidákẹ́, igbó sì gbà á. Ipasẹ̀ ọmọ náà ló ń tọ̀, ẹsẹ̀ kékeré tí kò wọ bàtà, ìrìn ẹni tó mọ ibi tí òun kò fẹ́ padà sí. Bó ṣe ń lọ ló ń yin ara rẹ̀: “Ta ló lè ka ilẹ̀ báyìí? Èmi ọmọ Ọdẹ́rìndé, tí mo mọ ipasẹ̀ ẹtu tó lóyún yàtọ̀ sí ti ẹtu tó yó!” Ọ̀rọ̀ yìí ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ tí ọwọ́ kan fi sọ̀ kalẹ̀ láti òkè, ó gbá a lọ́rùn aṣọ mú, ó sì gbé e kúrò nílẹ̀.

Iwin ni. Tèmi-Ni lorúkọ rẹ̀. Ohun gbogbo tó bá rí ló ń sọ pé tòun ni, á sì gbé e lérí. Ìkòkò mẹ́rìnlá ló wà lórí rẹ̀, pẹ̀lú odó kan, ilẹ̀kùn mẹ́ta tí kò nílé, ewúrẹ́ kan tí ayé ti sú, àti iwin mìíràn tí kò mọ bí òun ṣe débẹ̀.

“Mo kọ́kọ́ rí ọ,” ni Tèmi-Ni wí. “Tèmi ni ọ́.”

“Ká má rí i!” ni Ọdẹ́yalé pariwo. “Ènìyàn ni mí! Mo nílé, mo lóyè!”

“Ìlú wo lo ti wá?”

“Òkè-Ayùnrẹ́.”

“Ní ìlú yín, ta ló ni ohun tí ènìyàn bá kọ́kọ́ bà?”

 Iwin gbé e sáàárín ìkòkò méjì, ó ń bá ọ̀nà rẹ̀ lọ.

Ọjọ́ méjì gbáko ni olórí ọdẹ Òkè-Ayùnrẹ́ fi jẹ́ ẹrù. Ó ka oríkì ara rẹ̀ fún iwin, iwin kò gbọ́ nǹkan kan nítorí ìkòkò tó bò ó létí. Ó wá ìbọn, ewúrẹ́ ti jókòó lé e. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ebi wọ̀ ọ́ lára, ó ti ìkòkò náà kúrò létí iwin.

“Baba Tèmi-Ni, ebi ń pa mí o.”

“Kí ni ń jẹ́ ebi?”

“Ohun tí ẹni tó ni mí gbọ́dọ̀ wá nǹkan ṣe sí ni.”

Iwin já ewé fún un. Ọdẹ́yalé ní ó korò. Iwin bu omi, ó ní ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó ní ẹ̀yìn ń yún òun, iwin họ ọ́. Ó ní kì í ṣe ibẹ̀, kó sún sókè díẹ̀. Ó ní oòrùn ti ń mú ẹ̀gbẹ́ kan jù, kó yí òun padà. Ó ní kó kọrin fún òun, nígbà tí iwin sì kọ ọ́, ó ní ohùn rẹ̀ kò dára. Níkẹyìn ó ní, “Mo fẹ́ tọ̀.”

“Níbo?”

“Ibi tí mo wà yìí náà ni, bí o kò bá sọ̀ mí kalẹ̀.”

Tèmi-Ni sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kíákíá pẹ̀lú ìbọn rẹ̀, ó nu òógùn ojú. “Láti ìgbà tí mo ti ń ru ẹrù, irú èyí kò ṣẹlẹ̀ sí mi rí,” ó ní. “Ohun tó ń béèrè oúnjẹ, tó ń béèrè orin, ìyẹn kì í ṣe ẹrù. Máa lọ, jọ̀ọ́.”

Ọdẹ́yalé bi í bóyá ọmọbìnrin kékeré kan gba ibẹ̀ kọjá.

“Ó kọjá. Mo ní tèmi ni. Ó ní bó bá jẹ́ pé èmi ni mo ni òun, kí n pe orúkọ òun. N kò mọ̀ ọ́n. Ó ní kí n fara balẹ̀ ronú, ó sì gba abẹ́ apá mi lọ. Mo ṣì ń ronú.”

Ẹ gbọ́ ná. Ọjọ́ méjì ni àgbà ọdẹ lò lórí iwin yìí, ọmọ ọdún mẹ́jọ kò lò tó àkókò tí ènìyàn fi ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀. Nígbà tí Ọdẹ́yalé kọ́kọ́ sọ ìtàn náà, ó fo ibí yìí. Èmi ni mo ní kó padà sí i.

Ipasẹ̀ náà gbé e dé ìlú iwin kan tí wọ́n ń pè ní Òfin-ń-bẹ. Ilé ìlú náà kò ní òpó kankan. Àwọn ọmọdé ló ń fi orí gbé òrùlé dúró, mẹ́rin sí ilé kọ̀ọ̀kan, àwọn àgbà sì nà gbalaja sábẹ́ ibòji, wọ́n ń sọ fún ara wọn bí àwọn ṣe fẹ́ràn ọmọ tó. Ọmọ tó bá ti ibòmíràn wá láìsí àgbà pẹ̀lú rẹ̀, ilé ẹjọ́ ni wọ́n ń mú un lọ, nítorí ilé ẹjọ́ ló ní òrùlé tó wúwo jù. Ibẹ̀ ni Ọdẹ́yalé ti rí Àrìnpé. Igun òrùlé kan wà lórí rẹ̀. Ó wo ọdẹ náà.

Ẹlẹ́nu-Mẹ́ta ni adájọ́ ibẹ̀. Ẹnu kan ni ó fi ń sọ̀rọ̀, ẹnu kejì ni ó fi ń jẹ gúgúrú, ẹnu kẹta ni ó fi ń yán. Igbá gúgúrú kan wà níwájú rẹ̀.

“Mo wá mú ọmọ yẹn lọ sílé,” ni Ọdẹ́yalé wí.

“Òfin ń bẹ,” ni adájọ́ dáhùn. “Ìbéèrè mẹ́ta ni. Bí gúgúrú mi bá tán kí o tó dáhùn, ọmọ náà di òpó ilé ẹjọ́ títí ayé. Kí ni kì í jẹ? Kí ló máa ń pa á lẹ́rìn-ín? Kí ló lé e wọ igbó?”

Ẹ̀yin èèyàn mi, Ọdẹ́yalé mọ ohun tí ìgalà kì í jẹ. Ó mọ ohun tó ń lé ọ̀yà wọ inú ihò. Ó mọ ọjọ́ tí ìkookò ń bímọ. Ó wo ọmọ tí òun fúnra rẹ̀ fẹnu ara rẹ̀ pín, kò mọ ẹyọ kan nípa rẹ̀.

“Kí lo tiẹ̀ jẹ́ sí i?” ni adájọ́ bi í.

“Èmi… èmi ni mo pín in.”

Ẹnu tó ń jẹ gúgúrú dúró díẹ̀. Ẹnu tó ń yán pa dé. Ojú ti Ọdẹ́yalé dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ó wá ní, “Níbo ni òfin yín náà wà? Mo fẹ́ rí i.”

Kò sẹ́ni tó béèrè bẹ́ẹ̀ rí ní ìlú náà. Wọ́n mú un lọ sẹ́yìn ilé ẹjọ́, níbi tí ẹfọ̀n ńlá kan dùbúlẹ̀ sí. Ara ẹfọ̀n yìí ni àwọn baba ńlá wọn kọ òfin sí, wọ́n ní kó lè lágbára. Òfin ọjà àti ti oko wà lápá ọ̀tún, gbogbo ènìyàn ló ń rí i. Òfin ọmọdé wà lápá òsì. Apá òsì yẹn ni ẹfọ̀n sì fi sùn láti ayébáyé.

“Ẹ ò rí i rí?” ni Ọdẹ́yalé bi wọ́n.

“Kò yẹ ká rí i. Àwọn baba wa ti sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún wa. Wọ́n ní kí ọmọdé máa gbé òrùlé.”

“Ta ló kà á fún àwọn baba yín?”

“Ìwọ àlejò yìí, o fẹ́ràn ìbínú ẹfọ̀n o.”

Wọ́n ti fi igi gún ẹfọ̀n náà rí kó lè dìde, wọ́n ti bú u tìyá tìbaba, kò mira. Ọdẹ́yalé, tó ti pa ẹfọ̀n mẹ́tàdínlógún, òun ní ogún ni, ẹ jẹ́ ká fi sí mẹ́tàdínlógún, ó gbé ìbọn sókè gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Gbogbo ìlú pariwo pé, “Ó fẹ́ pa òfin!” Ó rọra gbé ìbọn sílẹ̀. Ó wo ẹfọ̀n náà títí. Eégbọn ti bò ó, ní etí, ní abẹ́ itan, ní ìdí ìrù. Ó kúnlẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í já eégbọn náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọwọ́ rẹ̀ kún fún ẹ̀jẹ̀. Àwọn ará ìlú ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọdẹ ńlá ti di olùtọ́jú màlúù. Nínú ilé ẹjọ́, gúgúrú ń lọ sílẹ̀, ó ti ku ìdajì igbá, ó ti ku ìdá kan nínú mẹ́rin. Àrìnpé ń gbọ́ bí igbá ṣe ń dún lábẹ́ ìka adájọ́. Ọrùn ń ro ó, ó sì ń bẹ̀rù. Nígbà tí Ọdẹ́yalé já èyí tó gbẹ̀yìn lẹ́yìn etí, ẹfọ̀n mí kanlẹ̀, ó na ẹsẹ̀, ó sì dìde dúró.

Apá òsì rẹ̀ mọ́ lóló. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ ju àpá koríko tó ti sùn lé lọ.

 Àgbà kan ní bóyá wọ́n fi lẹ́tà kékeré kọ ọ́ ni. Òmíràn ní òjò ló fọ̀ ọ́. Láti inú ilé ẹjọ́ ni ohùn ọmọ kan ti jáde:

“Kí ló wà níbẹ̀?”

“Kò sí nǹkan kan níbẹ̀,” ni Ọdẹ́yalé dáhùn.

Àrìnpé yọ orí lábẹ́ òrùlé. Ọmọ tó wà ní igun kejì wò ó, òun náà yọ orí. Ìròyìn náà ti ilé kan dé ilé kejì, gbogbo ọmọ Òfin-ń-bẹ yọ orí, wọ́n bọ́ síta, wọ́n ń na ọrùn. Gbogbo òrùlé ìlú sì wó lu àwọn àgbà lábẹ́ ibòji. Kò sẹ́ni tó kú. Ẹ má banú jẹ́ fún wọn, koríko lásán ni.

Ẹlẹ́nu-Mẹ́ta yọrí jáde láàárín koríko, ẹkúnwọ́ gúgúrú kan ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. “Ẹjọ́ ṣì ń lọ!” ó ní. “Gúgúrú kò tíì tán. Dáhùn!”

“Ṣé òfin gbà kí n bi ọmọ náà fúnra rẹ̀?” ni Ọdẹ́yalé wí.

Adájọ́ yí padà, ó wo apá òsì ẹfọ̀n náà fínnífínní. “Òfin kò sọ pé rárá,” ó ní.

Ọdẹ́yalé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ọmọ náà. “Àrìnpé, kí ni o kì í jẹ?”

“Ọrùn ẹran. Láti ọjọ́ tí ẹ ti fún ìyá mi ní tèmi.”

Ọdẹ́yalé tún bi í pé, “Kí ló máa ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín?”

Ọmọ náà wo fìlà rẹ̀. Igbẹ́ ewúrẹ́ Tèmi-Ni ṣì wà nínú ìṣẹ́po rẹ̀, ó tò bí ìlẹ̀kẹ̀. Kò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín já mọ́ ọn lẹ́nu. “Èyí náà ń pa mí lẹ́rìn-ín,” ó ní.

“Kí ló lé ọ wọ igbó?”

 Àrìnpé na ọwọ́ méjèèjì sí i, ó la àtẹ́lẹwọ́.

Ọdẹ́yalé kà á bó ṣe ń ka ilẹ̀. Ọmọ-odó ti gba ibí kọjá. Okùn kànga ti gba ibí kọjá. Ìkòkò gbígbóná ti gba ibí kọjá, ó sì tún padà wá. Nígbà náà ló rántí iyán ọjọ́ ọjà, èyí tó kúnná, tí kò ní kókó. Ọwọ́ yìí ló gún un. Ọwọ́ yìí ló gbé e dé iwájú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mélòó kan, òun sì wo abọ́ náà, kò wo ọwọ́. Ó bú sẹ́kún bí ọmọdé níwájú gbogbo ìlú iwin. Kò tijú rẹ̀ nígbà kankan tó bá ń sọ ọ́ fún mi.

“Ó ti dáhùn,” ni adájọ́ wí, ó sì jẹ gúgúrú tó kù. “Ẹ máa lọ. Ṣùgbọ́n kí la ó wá kọ sí apá òsì yìí?”

“Ẹ kọ́kọ́ lọ wá òpó,” ni Àrìnpé dá a lóhùn.

Ó ní òun kò lè fẹsẹ̀ rìn padà. Ó gun Ọdẹ́yalé lọ́rùn, ó di etí rẹ̀ méjèèjì mú, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ṣe dé ilé. Ẹfúnyẹmí ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó gba ọmọ rẹ̀ lọ́rùn ọdẹ náà, ó jókòó pẹ̀lú rẹ̀ sílẹ̀, ó ń fọwọ́ pa á lára láti orí dé ẹsẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, gbogbo ìlú pé sílé Baálẹ̀. Olójèdé ti ṣetán. “Ìdájọ́ ti wáyé,” ó ní. “Baba Ọlọ́dẹ fúnra wọn ló dá a. Ṣé wọ́n fẹ́ jẹ èébì wọn ni?”

“Bẹ́ẹ̀ ni,” ni Ọdẹ́yalé wí. “Mo ṣì í dá. Òfin tí mo mọ̀, ti òkú ẹran ni. Olójèdé, kí ni ọmọ yìí kì í jẹ?”

“Ohun tí mo bá fún un ló ń jẹ.”

“Kí ló máa ń pa á lẹ́rìn-ín?”

“Ẹ̀rín kẹ̀? Ṣé aláwàdà ni mo lọ gbà ni?”

“Kí ló lé e wọ igbó?”

“Oríkunkun.”

Ọdẹ́yalé ní kí Àrìnpé la ọwọ́ rẹ̀. Ó gba iwájú àgbà kọ̀ọ̀kan kọjá, ó ń la àtẹ́lẹwọ́ fún wọn. Nígbà tó dé iwájú Baálẹ̀, Baálẹ̀ gbàgbé eyín tó ń dùn ún, ó sọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ sílẹ̀. Olójèdé ń wo ilẹ̀.

“Àwọn baba wa kò fi ọ̀rọ̀ kankan sílẹ̀ lórí irú èyí,” ni Baálẹ̀ wí. “Kí la máa ṣe?”

“Ẹ bi í.”

Wọ́n bi í. Àrìnpé ní, “Ọ̀dọ̀ ìyá mi ni mo fẹ́ máa gbé. Nígbà tó bá wù mí, kí n máa lọ kí ìyá bàbá mi ní agboolé wa, nítorí wọn ò ṣẹ̀ mí. Kí Baba Ọlọ́dẹ máa wá wo ọwọ́ mi ní gbogbo ọjọ́ ọjà. Kí wọ́n má sì wo tèmi nìkan. Ọmọ mélòó ló ń gún iyán tí ẹ̀yin ń jẹ?”

Bó ṣe di òfin Òkè-Ayùnrẹ́ nìyẹn. Wọn kò pín ọmọ mọ́ láìbi í léèrè, ọjọ́ ọjà kò sì kọjá kí ọdẹ má wọ ojúlé kọ̀ọ̀kan láti wo ọwọ́ ọmọdé. Àwọn ọdẹ ráhùn pé àwọn kì í ṣe alágbàtọ́. Àwọn onílé ń fi ẹmu lọ̀ wọ́n kí ojú wọn lè kúrò lára ọmọ. Ọdẹ́yalé máa ń mu ẹmu náà tán, á sì tún wo ọwọ́. Nígbà tó yẹ ilé Baálẹ̀ wò, ó bá ọwọ́ ọmọ kan níbẹ̀ tí kò dára, eyín sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í dun Baálẹ̀ lọ́jọ́ náà. Síbẹ̀ ọmọ náà padà sílé ìyá rẹ̀ kí ọjà tó tú.

Ẹ ti mọ̀ bí mo ṣe mọ gbogbo èyí. Èmi ni Àrìnpé. Ó wá wo ọwọ́ mi nígbà tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ó wá nígbà tí mo pé mẹ́rìndínlógún. Bó bá ti wò ó tán, a jọ ń jókòó. Ó kọ́ mi ní ipasẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, ó kọ́ mi ní ìbọn lẹ́yìn náà, kò sì sẹ́ni tó bi òfin bóyá obìnrin lè ṣe é. Ó wá nígbà tí mo lọ́kọ, ọkọ mi ní kí ni bàbá yìí ń wá. Ó wá nígbà tí mo bímọ mẹ́ta.

Ìgbà tó gbẹ̀yìn tó wá, ojú rẹ̀ ti lọ tán, ọ̀pá ló fi ń wá ọ̀nà. Ó jókòó, ó ní, “Mú ọwọ́ wá.” Ó fi àtàǹpàkò wá gbogbo àtẹ́lẹwọ́ mi. Nígbà tó dé ìdí ìka ìfábẹ̀lá, níbi tó ti le koránkorán, ó dúró. Ojú rẹ̀ yí padà. “Ta ló ń fi iṣẹ́ pa ọ́ báyìí? Sọ fún mi. Mo ṣì lè rìn.”

“Baba,” ni mo ní, “ìbọn yín ni.”

Ó di ọwọ́ náà mú, kò fi sílẹ̀ títí oòrùn fi yí. Nígbà tó fẹ́ dìde, ó ní kí n pe àwọn ọmọ ilé kejì wá, kí òun wo tiwọn náà kí òun tó lọ.

Ibẹ̀ ni ẹnu mi dé. Ẹ gbọn ilẹ̀ kúrò nídìí, kí olúkúlùkù gba ọ̀nà ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọmọdé tí ẹ jókòó níwájú níbẹ̀ yẹn, ẹ má tíì lọ. Ẹ tò síbí. Ẹ mú ọwọ́ wá kí n wò ó.